Àrùn Yírùnyírùn ní Zaria: Ohun Tí Ojú Wa Rí Láti 1977

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ètò ìlera, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí èmi kì í ṣe dókítà. Ìtàn ni mo kà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà sọ fún mi pé ẹni tí ọ̀ràn bá ṣojú rẹ̀ ni í rò ó. Ọ̀ràn kan sì ṣojú mi, nínú ilé bàbá mi ní Sabon Gari níhìn-ín, ní oṣù kẹta ọdún 1977. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Ilé tí bàbá mi háyà sí ní yàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là wọ́n láàrin. Ìdílé méje ló wà níbẹ̀: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlá, àwọn Ígbò, àti ìdílé kan láti ilẹ̀ Idoma. Èèyàn mẹ́fà ni àwa wà nínú yàrá kan. Ọyẹ́ ọdún náà ti ń lọ, ooru sì ti dé, ṣùgbọ́n eruku kò tíì dáwọ́ dúró. Nítorí eruku àti nítorí olè, a máa ń ti fèrèsé pa lálẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, jí pẹ̀lú ara gbígbóná àti orí fífọ́. Ibà ni gbogbo ilé pè é. Oníṣòwò oògùn kan tó ní ìsọ̀ ní òpópónà wa fún un ní oògùn ibà, ó ní kó lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò fẹ́ kí a ká aṣọ fèrèsé sókè, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Ìyá mi ń fi omi tútù nù ún lára, bàbá mi ń wá oògùn ibà mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà Hausa kan wà tó máa ń ta kunu níwájú ilé wa, Mai Kunu ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí kò rí ọmọ náà kó wá ra kunu fún ọjọ́ méjì, ó wọlé wá béèrè rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ orí ọmọ náà, ó gbìyànjú láti gbé e kí àgbọ̀n rẹ̀ lè kan àyà. Ọrùn kò tẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ náà gan-an ló gbéra nílẹ̀ bí pákó. Ìyá náà dìde, ó wo bàbá mi lójú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Sankarau.”

Bàbá mi kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó ti pẹ́ ní Zaria tó láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ó sáré pe takisí.

Àbúrò mi kò kú. Nígbà tó dé láti ilé ìwòsàn, a rò pé ìkẹ́ ti bà á jẹ́, nítorí à ń pè é kò dáhùn. Ìyá mi ló kọ́kọ́ fura. Ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, ó pàtẹ́wọ́ gìrì, ọmọ kò wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò tún gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́.

Orúkọ àrùn yìí lédè wa ni yírùnyírùn, nítorí ọrùn ni àmì rẹ̀ ti máa ń hàn. Ṣùgbọ́n àwa tí a dàgbà ní Sabon Gari, sankarau tí àwọn Hausa ń pè é ni a mọ̀. Mo sì rò pé orúkọ yìí ti ṣe wá ní jàǹbá díẹ̀, nítorí ó mú kí àwọn bàbá wa máa sọ pé àrùn ilẹ̀ Hausa ni. Tí ooru oṣù kẹta bá mú, ẹni tó bá lágbára á kó ọmọ rẹ̀ lọ sílé, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, títí òjò á fi dé. (Ẹ gbà mí láàyè kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀: ní Ìbàdàn, Sábó ni ibi tí àwọn Hausa ń gbé. Níhìn-ín, àwa ni ará Sábó.) Àrùn náà kò mọ ẹ̀yà. Ohun tó mọ̀ ni àsìkò àti yàrá.

Kòkòrò tó ń fa irú èyí tó ń di àjàkálẹ̀ ní ilẹ̀ wa kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Dókítà kan ní ìlú Vienna, Anton Weichselbaum, ló kọ́kọ́ fi í hàn ní ọdún 1887. Ọ̀fun ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó ń gbé láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ikọ́, itọ́ àti mímí èémí ara ẹni nítòsí ni ó fi ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Nínú ẹni tí kò ríire, kòkòrò náà á kọjá láti ọ̀fun sínú ẹ̀jẹ̀, á sì ti ibẹ̀ dé awọ tó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni orí fífọ́, èébì àti ọrùn líle ti ń wá. Ní ti ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀, àwùjẹ̀ rẹ̀ lè wú sókè. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, bí ìdajì àwọn tó mú ló ń kú. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ṣì ń kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ẹnì kan nínú márùn-ún tó bá yè ni í kù pẹ̀lú àbùkù tí kì í lọ: etí dídi, wárápá, apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí náà, àbúrò mi kì í ṣe àrà ọ̀tọ̀.

Àrùn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ yìí. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1905, ó jà ní Zungeru, tó jẹ́ olú ìlú Àríwá Nàìjíríà nígbà náà, dókítà ìjọba amúnisìn kan sì kọ ìròyìn nípa rẹ̀. Ẹ kíyè sí oṣù yẹn. Ní 1911, ọkọ̀ ojú irin tó ti Baro wá gba Zaria kọjá dé Kánò. Àwọn akọ̀wé, oníṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò láti gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibí, ìjọba sì yan ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi ìlú. Bí Sabon Gari ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: èèyàn púpọ̀ lórí ilẹ̀ kékeré, onílé tó fẹ́ rí owó yàrá gbà, ayálégbé tó fẹ́ rí owó fi ránṣẹ́ sílé. Ní 1963, dókítà ológun ilẹ̀ Faransé kan, Lapeyssonnie, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tó fi han pé ibi tí àrùn yìí ti ń jà jù ní Áfíríkà dà bí ìgbànú gígùn kan ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí òjò kò ti pọ̀ jù tí kò sì kéré jù. Lónìí wọ́n fa ìgbànú náà láti Senegal dé Ethiopia. Zaria wà nínú rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí.

Mo ti fẹ̀yìn tì kí n tó mọ apá kejì ìtàn yìí, ó sì dùn mí pé n kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà yunifásítì kan náà. Ní àwọn ọdún tí àrùn yìí ń pa wá, àwọn dókítà Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní ìlú yìí tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń bá a jà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Brian Greenwood, tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, dé Zaria ní 1970, ó sì wà níhìn-ín fún ọdún mẹ́wàá kó tó kọjá sí Gambia. Òun, Hilton Whittle, S. S. Wali àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, aláwọ̀ funfun àti ọmọ Nàìjíríà, kọ ìwé lórí ìwé lórí sankarau. Nígbà tí ẹ̀yà C àrùn náà jáde ní ilẹ̀ àríwá, tó yàtọ̀ sí ẹ̀yà A tí a ti mọ̀, Zaria ni ìròyìn rẹ̀ ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1975.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, tó jáde ní 1979, jẹ́ nípa àjàkálẹ̀ ọdún 1977 ní Zaria. Ó ní láàrin oṣù mẹ́ta, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ní ìlú yìí rí aláìsàn tó ju 1,200 lọ. Àrùn náà bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí òjò dé. Mo ka ojú ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò mi jẹ́ ọ̀kan nínú iye yẹn. Fún wa nínú ilé, ọ̀ràn tiwa nìkan ni, bí ẹni pé ayé dìtẹ̀ mọ́ ọmọ kan. A kò mọ̀ pé ilé tó tẹ̀ lé tiwa àti èyí tó tẹ̀ lé e ń sunkún bákan náà, nítorí ẹni tí àrùn yìí bá mú máa ń yára lọ, àwọn ará ilé á sì máa fi í pa mọ́.

Ohun mẹ́ta ni àwọn dókítà wọ̀nyí rí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Èkíní jẹ mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé àrùn náà ń tẹ̀ lé ooru àti eruku, ṣùgbọ́n kí ló fà á? Ẹnikẹ́ni lè rò pé kòkòrò náà ló ń pọ̀ sí i lọ́fun èèyàn nígbà yẹn. Wọ́n ń yẹ ọ̀fun àwọn èèyàn wò láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà wà lọ́fun èèyàn nígbà òjò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹni tó ní i lọ́fun máa ń dùbúlẹ̀ àìsàn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984 nìyẹn. Èrò tó tẹ̀ lé e ni pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku ń ṣe awọ imú àti ọ̀fun léṣe, tí ọ̀nà fi ń ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò tó ti wà níbẹ̀ láti wọnú ẹ̀jẹ̀.

Èkejì jẹ mọ́ ìtọ́jú. Pẹnisílíìnì ni oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ni, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí èèyàn ẹgbẹ̀rún bá dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀sì mélòó ló lè gún gbogbo wọn? Ní 1979, Wali àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zaria fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti chloramphenicol olóròóró, tó ń rọra túká nínú ẹran ara, lè ṣe iṣẹ́ náà. Oògùn yìí ni wọ́n gbára lé nígbà àjàkálẹ̀ káàkiri Áfíríkà fún bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, kí ceftriaxone tó gba ipò rẹ̀. Àìlóye tiwa ni mo fẹ́ fi kún un. Kí dókítà tó mọ̀ dájú pé àrùn yìí ni, ó ní láti fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Omi náà máa ń mọ́ gaara lára ẹni tí ara rẹ̀ le; lára ẹni tí àrùn yìí mú, á ṣú bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ òbí ní Sabon Gari kò gbà kí wọ́n fà á. Wọ́n ní omi ẹ̀yìn tí wọ́n fà ló ń pa ọmọ tàbí ló ń sọ ọ́ di arọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé àwọn tó ń kú lẹ́yìn rẹ̀, ikú ti wà lára wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ àwọn tó ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú aláìsàn. Wọ́n pín àwọn ará ilé aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sankarau, wọ́n sì gún àwọn yòókù ní ti ipá. Nínú àwọn tó gba ti sankarau, àwọn tí àrùn mú kéré jọjọ sí ti àwọn yòókù. Èyí jáde ní 1978. Nítorí náà láti ọdún yẹn ni ayé ti mọ̀ pé ewu tó wà fún àwọn ará ilé aláìsàn ṣeé dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1980, Greenwood àti Wali kọ̀wé nípa bí a ṣe lè yan ibi tí àrùn ti yọjú kí a sì yára gún àwọn tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú abẹ́rẹ́ ayé ìgbà yẹn. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ọmọ kékeré, kì í sì í lé kòkòrò náà kúrò lọ́fun. Nítorí náà ìjọba kì í gún wa sílẹ̀ de àrùn. Ó di ìgbà tí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó máa wá abẹ́rẹ́ kiri, nígbà tí abẹ́rẹ́ bá sì fi dé, òjò ti ń rọ̀. Ìgbà tí ọmọ bá ti jábọ́ sínú kànga ni à ń wá ìdérí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní 1996. Àwọn tó wà ní Zaria nígbà yẹn kò lè gbàgbé. Àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí fi hàn pé èèyàn 109,580 ni àrùn náà mú, ó sì pa 11,717. Kàdúná ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdílé mi sì wà ní Zaria. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, èyí àgbà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ wà ní ibì kan, mo kó wọn dé ibẹ̀, ìlà ti gùn kọjá ojú títì. Ní ọjọ́ kejì ọkùnrin kan tó ń ta oògùn sọ fún mi pé òun ní tirẹ̀. Mo san owó, ó gún àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú mi, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà pé ní 1995, abẹ́rẹ́ àjẹsára sankarau tí Nàìjíríà fi ta orílẹ̀-èdè Niger lọ́rẹ jẹ́ ayédèrú, tí kò sí àjẹsára nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ọkàn mi fò. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe omi lásán ni mo ra fún àwọn ọmọ mi.

Ohun kejì tí mo ṣe lọ́dún náà ni pé mo kó wọn sínú ọkọ̀ alẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe. Èèyàn kún inú ọkọ̀ náà bámúbámú, gíláàsì rẹ̀ wà ní títì láti Zaria dé Jẹ́bbà. Nísinsìnyí tí mo ti mọ bí àrùn yìí ṣe ń rìn, mo rí i pé inú yàrá mìíràn tí kò ní fèrèsé ni mo sá wọ̀.

Ọdún 1996 yẹn náà ni ọ̀ràn Kánò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ náà gbóná jù, iléeṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn àkóràn ní Kánò láti dán oògùn tuntun kan wò, èyí tí wọ́n ń pè ní Trovan. Bí 200 ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone. Ọmọ 11 kú. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní òun kò ṣe ohun àìtọ́, ó ní àrùn ló pa àwọn ọmọ náà. Ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní òpin ọdún 2000, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ní 2009 iléeṣẹ́ náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò láti parí rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa máa ń ka àwọn ará ibí sí aláìmọ̀kan nítorí pé ní 2003, ìpínlẹ̀ Kánò, Kàdúná àti Zamfara dá abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ dúró, tó sì di oṣù keje ọdún 2004 kí Kánò tó gbà á padà. Mo mọ̀ pé ìpinnu náà burú. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ láti ibí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di 2020 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé rọpárọsẹ̀ àdámọ́ ti kúrò ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi kan, olùkọ́ ni, kì í ṣe púrúǹtù, bi mí nígbà náà pé: “Ẹni tó wá dán oògùn wò lára ọmọ Kánò lánàá, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe òun náà ló tún dé?” N kò ní ìdáhùn tó dára fún un. Ìwọ̀nba tí mo lè sọ ni pé ọmọ tèmi gbà á.

Àyípadà dé nígbà tó yá. Ní 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PATH dáwọ́ lé abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀yà A, èyí tí agbára rẹ̀ á pẹ́ lára, tí á ṣiṣẹ́ fún ọmọ kékeré, tí á sì lé kòkòrò náà kúrò lọ́fun. Àwọn olórí Áfíríkà ti sọ pé bí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, àwọn kò lè rà á. Serum Institute ní Íńdíà ló ṣe é ní owó tí kò tó ìdajì dọ́là kan fún abẹ́rẹ́ kan. Burkina Faso ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù kejìlá ọdún 2010, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ó sì gbà á ní ọdún díẹ̀ kó tó yí àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nínú ìgbànú náà ká. Àwọn tó wà láàrin ọdún 1 sí 29 ni wọ́n ń gún. Nítorí mo gbọ́ Hausa àti Yorùbá, wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí ìlà ní àdúgbò wa. Abẹ́rẹ́ ń lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo rí abẹ́rẹ́ sankarau tó ṣáájú sankarau dé. Láti 2017, kò tún sí ẹni tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀yà A mú ní gbogbo ìgbànú náà.

Ẹ̀yà C ló wá gba ipò. Ní àárín 2016 sí 2017, ó jà ní Zamfara, Sókótó, Katsina, Kebbi àti àwọn ibòmíràn. Àwọn tí a fura pé ó mú ju 14,000 lọ, àwọn tó kú sì ju 1,100 lọ. Gómìnà Zamfara ìgbà náà, Abdulaziz Yari, sọ pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àgbèrè ni. Emir Kánò ìgbà náà, Sanusi, sì dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà nínú ẹ̀sìn. Mo bá emir lọ. Ọmọ ọdún 9 wo ló ṣe àgbèrè?

Ìdáhùn sí ti ẹ̀yà C náà ti dé báyìí. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń ká ẹ̀yà márùn-ún, A, C, W, Y àti X, mọ́ inú ìgò kan, PATH àti Serum Institute kan náà ló ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2023, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó lò ó, ní òpin oṣù kẹta ọdún 2024, ní Bauchi, Gombe, Jigawa àti Yobe, fún èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Kí ẹ tó ṣe sàdáńkátà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé nínú oṣù márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀, àrùn náà ti pa èèyàn 153 ní ìpínlẹ̀ méje. Nítorí náà, eré àlébá ni a ṣì ń sá.

Àbúrò mi wá kí wa ní oṣù tí ìròyìn náà jáde. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, télọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, ó sì ti di bàbá àgbà. Ìwé ni èmi àti òun fi ń sọ̀rọ̀ tó bá gùn. Mo kọ ìròyìn abẹ́rẹ́ ẹlẹ́yà márùn-ún náà sí i. Ó kà á, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Zaria ńkọ́?” Mo kọ ọ́ padà pé ìpínlẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Kàdúná kò sí nínú wọn. Ó kó ìwé náà sápò. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ti sùn, mo rí i tó wọ yàrá wọn, ó ṣí fèrèsé méjèèjì gbalasa, ó sì wá bá mi jókòó síta.

Láti 2019 ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yà A ti wà lára àwọn tí ọmọ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá pé oṣù 9. Ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àwọn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa máa gbé tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbọ̀ngàn, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí a ó fi parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ yín wá kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ti sọnù, kó mú ọmọ náà wá bẹ́ẹ̀.